Máṣíìnì tí wọ́n fi ń tẹ áíléètì àti bọ́tìnnì: bẹ́ ẹ ṣe máa yan èyí tó dáa, àti bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe nílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yìí ti sú mi díẹ̀ o, ká má parọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan ò ní bi mí pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, máṣíìnì wo ni kí n rà tí mo lè fi máa tẹ áíléètì àti bọ́tìnnì nílé?" Télọ̀ ń bèèrè, àwọn tó ń ṣe báàgì ń bèèrè, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ bàtà náà ń bèèrè, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń fún gbogbo wọn. (Áíléètì ni òrùka irin kékeré tí wọ́n fi ń yí etí ihò aṣọ tàbí awọ ká, irú èyí tí okùn bàtà ń gbà kọjá.) Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú jókòó kí n kọ ọ́ síbì kan, kó jẹ́ pé ẹni tó bá tún bi mí, ibí ni màá ní kó wá kà.

Báàgì àti sálúbàtà ni mò ń ṣe, Ìkòròdú níbí ni mo wà, máṣíìnì tí mo fi ń tẹ bọ́tìnnì kò lo iná rárá, ọwọ́ ni mo fi ń fà á, ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ládùúgbò máa mọ̀ pé ire ńlá nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó kówó jáde rèé: dáì ló ń ṣiṣẹ́, máṣíìnì kàn ń tì í wálẹ̀ ni. Dáì ni irin kékeré méjì tó máa ń di bọ́tìnnì mú lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ lè ra máṣíìnì tó wúwo bí ọlọ, tí dáì yín ò bá bá bọ́tìnnì yín mu, ẹ kàn ń fi agbára ba ọjà jẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ sọ́jà, wọ́n á ní "ẹ fún mi ní máṣíìnì bọ́tìnnì", oníṣọ́ọ̀bù á sì gbé èyí tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ fún wọn. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé:

- Ṣé áíléètì ni, àbí bọ́tìnnì tó ń dún "kẹ́" tẹ́ ẹ bá pa á dé, àbí rífẹ́ẹ̀tì báàgì (ìṣó kékeré olórí méjì tó ń di awọ mọ́ra), àbí bọ́tìnnì jíǹsì, àbí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ fi áńkárá bò lórí?
- Báwo ni nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí ṣe nípọn tó? Áńkárá oníṣẹ́po méjì yàtọ̀ sí awọ méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀.
- Mélòó lẹ máa ń tẹ̀ lọ́jọ́? Mẹ́wàá ni àbí igba?
- Báwo ni ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ ṣe jìnnà sétí aṣọ tàbí awọ? Ìbéèrè yìí lẹ máa ń gbàgbé jù, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Nípa sáìsì, ẹ má jẹ́ kí "láìnì" tí wọ́n ń pè lọ́jà dẹ́rù bà yín. Láìnì 40 ni ínṣì kan. Ìyẹn ni pé láìnì 20 máa jẹ́ bíi mìlímítà 12.7, láìnì 24 bíi mìlímítà 15, láìnì 36 bíi mìlímítà 23. Ẹ mú rúlà dání, kí wọ́n má bàa ta 24 fún yín ní 20, torí lójú lásán ó ṣòro láti mọ̀.

Oríṣi tó wà, àti èyí tí mo fara mọ́

Àkọ́kọ́ ni hámà pẹ̀lú irin ìgbá, ìyẹn irin kékeré tẹ́ ẹ máa gbé lé bọ́tìnnì kẹ́ ẹ tó fi hámà gbá a. Ó pọ́n dandan kẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ ọ́n lò, kò sì wọ́n, àmọ́ ọwọ́ máa ń ṣì, tẹ́ ẹ bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn máa rí. Aládùúgbò tún wà níbẹ̀ tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbá hámà láago mẹ́wàá alẹ́.

Ìkejì ni páláyà. Ó dáa fún bọ́tìnnì oníke aṣọ ọmọdé àti àwọn áíléètì kéékèèké. Kò lè tẹ awọ tó nípọn, ọwọ́ á kàn máa ro yín lásán.

Ìkẹta ni èyí tó ń jókòó sórí tábìlì, tó ní ọwọ́ gígùn kan tẹ́ ẹ máa fà wálẹ̀, ọ̀pá kan á sì sọ̀kalẹ̀ tẹ dáì. Òun ni mo ní kí gbogbo yín rà. Ẹ lè bọ́ dáì yìí, kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i, máṣíìnì kan náà á sì máa ṣe iṣẹ́ márùn-ún.

Ìkẹrin ni ti ẹlẹ́sẹ̀ (ẹsẹ̀ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́) àti ti alátẹ́gùn (afẹ́fẹ́ ló ń tì í) tàbí oníná. Ẹni tó ń ran yúnífọ́ọ̀mù fún odidi ilé ìwé ló yẹ kó máa wo ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń ran ṣòkòtò mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí èyí tó lè gbé dáì méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kàn máa yí i po bíi páńṣì olórí mẹ́fà tá a fi ń lu bẹ́líìtì. Ó wà, bíi máṣíìnì tí wọ́n fi ń ṣe bájì, ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa ń yí lọ yí bọ̀ láàárín dáì méjì. Àmọ́ nǹkan tó bá ń yí gbọ́dọ̀ ní àyè tó fi ń yí, àyè yẹn sì ni ọ̀tá wa níbi iṣẹ́ yìí, torí tó bá ti ń mì díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni bọ́tìnnì máa tẹ̀ sí. Màá sọ ohun tí mo ṣe dípò ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ ti bàtà àti báàgì, Múṣin lẹ máa lọ: ẹ wọ BRT láti Ìkòròdú, ẹ sọ̀ ní Fádèyí, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ ti télọ̀, Balógun àti Ìdúmọ̀tà ni, ẹni tí ò bá sì bẹ̀rù omi lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀búté Ìpakodò, ó yá ju gósílóò Máìlì 12 lọ. Ẹ mú awọ tàbí aṣọ tẹ́ ẹ máa ń lò dání, ẹ mú bọ́tìnnì yín dání, ẹ tún mú bébà funfun kékeré pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ rìsíìtì.

1. Ẹ di ọ̀pá tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn mú, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti mì ín sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Tó bá ń ṣe "kọ, kọ, kọ", ẹ gbé e kalẹ̀.
2. Ẹ fa ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kó má há níbì kankan. Ẹ fi í sílẹ̀, kó fúnra ẹ̀ padà sókè. Èyí tí ò bá padà, sípíríǹgì ẹ̀ ti kú.
3. Ẹ wo ara irin ẹ̀ dáadáa, pàápàá ibi tó ti tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn. Irin tí wọ́n dà ni, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń sán. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà tuntun bo ibi tó ti sán, torí náà ẹ fi èékánná tọ́ ọ wò.
4. Ẹ fi dáì sí i. Ẹ gbé bébà sórí dáì ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé kábọ́ọ̀nù lé e, ẹ fa ọwọ́ wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kó kàn fara kàn án. Ẹ yọ ọ́, ẹ wo àmì tó fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òrùka tó dọ́gba yíká, ó dáa. Tí apá kan bá dúdú tí apá kejì ò sì hàn, dáì òkè àti tìsàlẹ̀ ò kọjú síra wọn nìyẹn.
5. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lójú oníṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá gbà fún yín, ẹ máa lọ.
6. Ẹ fi rúlà wọn ọ̀fun ẹ̀: láti àárín ọ̀pá tó ń sọ̀kalẹ̀ dé ara irin lẹ́yìn. Tí ọ̀fun bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ẹ ò lè tẹ bọ́tìnnì tó bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ jìnnà sétí. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, kò sí wẹ́dà tó lè bá yín fa ọ̀fun gùn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n látilé nìyẹn.

Nǹkan tó jẹ́ kí n mọ ti kábọ́ọ̀nù yìí, ojú mi rí màbo ni. Máṣíìnì tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n gbé e fún mi nínú páálí, wọ́n ní tuntun ni, mo gbé e délé. Mo ní iṣẹ́ báàgì nílẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo bọ́tìnnì tí mo bá tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa rì sí, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbé orí sókè bí àkùkọ. Mo lérò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, mo bá ń fi gbogbo ara fà á. Kílẹ̀ tó mọ́ mo ti ba bọ́tìnnì tó lé ní ogójì jẹ́, mo sì fa awọ báàgì méjì ya. Ọ̀pá ẹ̀ ló wọ́ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo gbé e padà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí rí.

Dáì: ibi tówó yín yẹ kó lọ

Oríṣi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní dáì tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ó máa ṣe é náà". Dáì láìnì 20 kò lè tẹ láìnì 24, orí ẹ̀ á ní àpá yíká. Dáì tórí ẹ̀ tẹ́ náà kò lè tẹ bọ́tìnnì tórí ẹ̀ yọ bìrìkìtì sókè, ńṣe ló máa tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Bọ́tìnnì tó ń dún kẹ́ yẹn, ẹ̀yà mẹ́rin ló ní. Méjì máa wà lápá òkè: orí tó hàn síta, àti abo tó wà nínú. Méjì máa wà lápá ìsàlẹ̀: akọ tó yọ sókè, àti ìdí tó dì í mú láti ẹ̀yìn. Orí àti abo ní dáì tiwọn, akọ àti ìdí ní dáì tiwọn. Torí náà dáì méjì, kálukú pẹ̀lú òkè àti ìsàlẹ̀ tiẹ̀, lẹ máa rà fún irú bọ́tìnnì yìí, ẹ má gbà kí wọ́n ta ẹyọ kan fún yín kẹ́ ẹ délé kẹ́ ẹ máa wojú ara yín.

Tẹ́ ẹ bá ń ra dáì:

- Ẹ gbé bọ́tìnnì sínú ẹ̀. Ó yẹ kó jókòó síbẹ̀ dáadáa, kó má máa yí gbirigbiri.
- Ẹ wo ìdí dáì, ibi tó ń wọ inú máṣíìnì. Àwọn kan ní ọ̀rọ́ (ojú tó yí po bíi ti síkúrù), àwọn kan dán, síkúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ ló ń dì wọ́n mú. Ti máṣíìnì kan lè má wọ òmíràn, torí náà ẹ mú dáì àtijọ́ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ ra tuntun.
- Ẹ fọwọ́ pa ojú ẹ̀. Tí ò bá dán tàbí tó ní ihò kéékèèké, gbogbo àbùkù yẹn ló máa hàn lórí bọ́tìnnì.

Bẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan áíléètì tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Tó bá fà á, irin ni, ó máa dípẹtà, àgàgà fáwa tá a sún mọ́ ọ̀sà báyìí tí afẹ́fẹ́ wa kì í gbẹ. Ti ide kì í fa mágínẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tí ò bá fà ni ide o, alumíníọ́ọ̀mù náà kì í fà, òun kàn fúyẹ́ ni, ẹ gbé e wò lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dè é mọ́ tábìlì

1. Ẹ wá pákó tó nípọn tó ínṣì méjì. Tábìlì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ pọ̀ ṣe yẹn kò lè gbà á, síkúrù á tú jáde láàárín oṣù kan.
2. Ẹ gbé máṣíìnì sórí ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì wà nísàlẹ̀ gan-an, kì í ṣe àárín. Tó bá jẹ́ àárín, pákó á máa fò bíi bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì, agbára yín á sì máa ṣòfò síbẹ̀.
3. Bóòtì tó wọ inú pákó já sísàlẹ̀ lẹ máa lò, pẹ̀lú wáṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì, kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe síkúrù pákó.
4. Kí etí máṣíìnì yọ sí iwájú tábìlì díẹ̀, kí awọ lè wálẹ̀ láìkọ́.
5. Ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ fa ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lu ihò. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé èjìká sókè kẹ́ ẹ tó lè fà á, tábìlì ti ga jù. Ẹ̀yìn yín á sọ fún yín lálẹ́.

Títẹ̀ àkọ́kọ́

1. Ẹ lu ihò. Kí ihò fún áíléètì mọ́ra, kó jẹ́ pé ẹ máa fi ìka tì í wọlé. Tó bá ń bọ́ sínú ẹ̀ wọ́ọ́lọ́, ihò ti tóbi jù, lọ́jọ́ kan ó máa fà yọ. Páńṣì olórí mẹ́fà yẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 2 dé 4.5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó kéré, ẹ lè fẹ ihò sí i, ẹ ò lè dín in kù.
2. Ẹ wo gígùn ẹsẹ̀ tó yọ lódì kejì. Lórí awọ, mo máa ń fẹ́ kó yọ bíi mìlímítà 2 sí 3. Tó bá gùn jù, á tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Tó bá kúrú jù, kò ní rí nǹkan dì mú.
3. Lórí aṣọ fẹ́ẹ́lẹ́fẹ́ẹ́lẹ́, ẹ fi wáṣà sí i lẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ fi awọ kékeré tàbí ìfi-aṣọ-le tì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ áíléètì á fa aṣọ ya lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.
4. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí dáì, ẹ yọ ọwọ́ kejì kúrò. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ YỌ ỌWỌ́ KEJÌ KÚRÒ.
5. Ẹ fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, títí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti jókòó. Ẹ má gbá a, ẹ má fò mọ́ ọn.
6. Ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti yí i. Tó bá yí, kò tíì jókòó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ fi awọ àlòkù dánra wò, ogún bọ́tìnnì ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọjà oníbàárà.

Àtúnṣe tó sọ máṣíìnì mi di èèyàn gidi

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, ìdajì ni, ìdajì tó kù ọwọ́ yín ló wà.

*Ibi tí ọwọ́ máṣíìnì máa dúró.* Tí mo bá ní àtúnṣe kan ṣoṣo láti ṣe, èyí ni. Tí nǹkan kan ò bá dá a dúró, òní ẹ máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, lọ́la ó máa ti rẹ̀ yín, bọ́tìnnì òní àti tọ̀la ò ní jọra. Mo ní kí wẹ́dà bá mi ṣe irin kékeré kan tó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ọwọ́ ń bọ̀, a lu ihò olọ́rọ́ sí i, bóòtì kan ló wà níbẹ̀ tí mo lè yí sókè yí sísàlẹ̀. Ọwọ́ á bọ̀, á kan bóòtì yẹn, ó parí. Nọ́ọ̀tì méjì ni mo fi há a, ìkan máa ń ti ìkejì kó má bàa tú. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀: ẹ gbé bóòtì ga dáadáa ná, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, tí kò bá tíì jókòó ẹ sọ bóòtì kalẹ̀ díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, ẹ tún tẹ̀, títí tó fi máa dáa. Ẹ wá há nọ́ọ̀tì. Tí awọ tẹ́ ẹ ń lò bá yí padà, ẹ tún un ṣètò. Mo máa ń fi ọ̀dà èékánná sàmì síbi tí bóòtì wà fún awọ àti fún jíǹsì, pupa fún awọ.

Kẹ́ ẹ ṣọ́ra o: irin tí wọ́n dà kì í gba wẹ́dìn-ìn bí irin yòókù, ó máa ń sán tó bá tutù. Ẹ fi bóòtì de irin yẹn mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ fi í mọ́ pákó tábìlì. Èmi fi í mọ́ pákó.

*Fífa ọwọ́ gùn.* Ẹ fi páìpù irin bọ ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 tẹ́ ẹ bá sọ di 45, agbára tó ń dé orí dáì á di ìlọ́po kan ààbọ̀, ẹ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Ó dùn, àmọ́ ẹ má ṣe jura lọ. Mo mọ bọ̀dá kan tó fi páìpù tó gùn tó apá méjì bọ ọ́, ọrùn máṣíìnì já sí méjì, orí ẹ̀ sì wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ nílò páìpù tó gùn gan-an, ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ló nípọn jù tàbí dáì ni ò bára mu. Ẹ padà sídìí dáì.

*Dáì tí ò wọ inú máṣíìnì.* Ẹ má wẹ́ẹ̀dì í! Iná á ba líle irin dáì jẹ́, á di rírọ̀, tó bá yá ojú ẹ̀ á máa wọ̀. Ẹ gbé dáì àti máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ láétì, àwọn tó ń gbẹ́ irin yíká fún mẹkáníìkì, kó gbẹ́ irin tó máa wà láàárín àwọn méjèèjì fún yín. Tó bá jẹ́ pé àyè díẹ̀ ló wà, tí dáì kàn ń mì nínú ihò ẹ̀, ẹ gé agolo mílíìkì ní tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ fi yí ìdí ẹ̀, ẹ wá há síkúrù. Títí tẹ́ ẹ máa fi rówó gbẹ́ ẹ ni ìyẹn wà fún, ẹ má sọ ọ́ di ayérayé. Ẹ tún fi kábọ́ọ̀nù dán an wò lẹ́yìn ẹ̀.

*Dípò orí tó ń yí.* Mo ṣèlérí pé màá sọ. Máṣíìnì méjì ni mo dè mọ́ pákó kan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ń tẹ orí àti abo, ọ̀kan ń tẹ akọ àti ìdí, mi ò bọ́ dáì láàárín iṣẹ́ mọ́. Àlòkù ni ìkejì, mo rà á lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìta Ẹlẹ́wà tó ń kó kúrò nínú iṣẹ́ télọ̀, gíríìsì lásán ló nílò. Tówó ò bá tíì tó fún méjì, ẹ tẹ gbogbo apá òkè gbogbo báàgì tán kẹ́ ẹ tó yí dáì padà. Ẹ má yí i padà fún báàgì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i lẹ gbọ́dọ̀ tún un tò.

*Ibi tí awọ máa gbára lé.* Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo fi síkúrù méjì dè sẹ́yìn dáì. Etí awọ á kàn án, gbogbo bọ́tìnnì á sì jìnnà bákan náà sétí. Ẹ ò nílò láti máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì mọ́.

*Sípíríǹgì.* Tó bá ti rọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Sábó, wọ́n á bá yín wá èyí tó jọ ọ́. Tí sípíríǹgì bá kú, ọwọ́ máṣíìnì á máa jábọ́ fúnra ẹ̀, ìka yín ló sì máa pàdé.

*Páálí ẹyin.* Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ihò ló ní, orí nínú ìlà kan, abo nínú ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń to gbogbo ẹ̀yà, tí mo bá sì rí i pé ihò kan ṣẹ́kù mo mọ̀ pé mo ti gbàgbé nǹkan kan. Ẹ sì máa gbé e sókè kúrò níbi tọ́mọ kékeré lè dé, torí gbogbo nǹkan tó ń dán lójú wọn ni wọ́n ń gbé sẹ́nu.

Fún iná, àtùpà kékeré tó ń gba sááji ni mo fi há ọrùn máṣíìnì. Ẹ ra gíláàsì ojú náà, áíléètì tó bá fọ́ máa ń ta.

Tó bá ń ṣe báyìí, ohun tó ń ṣe é nìyí

- Orí bọ́tìnnì rì wọnú tàbí ó tẹ́: agbára pọ̀ jù, tàbí dáì tórí ẹ̀ tẹ́ lẹ lò fún bọ́tìnnì bìrìkìtì.
- Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: dáì ò kọjú síra. Ẹ tú síkúrù dáì ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ fa ọwọ́ wálẹ̀ kí dáì òkè di tìsàlẹ̀ mú, ibẹ̀ lẹ ti máa há síkúrù.
- Ẹsẹ̀ áíléètì ya bí òdòdó tó fọ́, ó ń gé ọwọ́: ó gùn jù fún awọ yẹn, tàbí áíléètì ẹlẹ́gẹ́ ni. Ẹ fi awọ kékeré kan kún un lábẹ́.
- Ó ń yí, ó ń mì: ihò tóbi, tàbí kò tíì jókòó.
- Bọ́tìnnì ò dún kẹ́, kò pa dé: ẹ ti tẹ akọ lórí, ó ti fẹ̀. Kò sí àtúnṣe, ẹ yọ ọ́. Ẹ sọ ibi tí bóòtì ń dá ọwọ́ dúró sókè díẹ̀.
- Ó pa dé àmọ́ kò ṣí, ó ń fa aṣọ: bọ́tìnnì yẹn le ju aṣọ náà lọ. Ẹ wá èyí tó rọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi nǹkan ti aṣọ lẹ́yìn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe ti máṣíìnì: wọ́n á gbàgbé, wọ́n á tẹ orí mọ́ apá tó yẹ kí akọ wà. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí mi.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ èyí tó bàjẹ́, ẹ má fi ọ̀bẹ wà á. Ẹ fi páláyà agéwáyà gé etí ẹ̀ lẹ́yìn, lójú mẹ́ta mẹ́rin, á fúnra ẹ̀ já.

Tówó ò bá tíì tó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hámà àti irin ìgbá, kẹ́ ẹ gbé e lé orí òkúta ńlá tàbí irin tó wúwo, kì í ṣe orí pákó, pákó máa ń fò. Tàbí kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní máṣíìnì, kẹ́ ẹ máa san owó lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ tó pọ̀ níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ran gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á wá gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Tàbí kí télọ̀ mẹ́ta dáwó jọ ra ẹyọ kan, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ilé ẹni tó máa wà, kí kálukú sì ra dáì tiẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì lẹ ń ṣe, òrùka oníke tí wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ̀ pọ̀ yẹn tó, ẹ má fowó ṣòfò sórí máṣíìnì.

Ìtọ́jú

- Ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán kan, lórí ọ̀pá tó ń sọ̀kalẹ̀, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ nù ún dáadáa, kó má bàa kán sórí awọ funfun.
- Gíríìsì díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń yí, lóṣù kan sí méjì.
- Ẹ máa yẹ bóòtì tó wà lábẹ́ pákó wò, ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀.
- Dáì tẹ́ ẹ ò lò, ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ lẹ bọ́tìnnì tó jẹ́ tiẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà níta. Nígbà òjò tó kọjá mo fi tèmi sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ láìwé e, oṣù Keje ni, ìpẹtà ti bo méjì nínú ẹ̀ kí n tó mọ̀, yanrìn-bébà tó kúnná jù lọ ni mo fi ń pa á fún odidi ọ̀sán kan kó tó padà dán.